Ọwọ́ Akọ̀ròyìn Nínú Ìtàn Orin Rọ́ọ̀kì àti Pọ́ọ̀pù

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa kọ̀ròyìn nípa orin ni mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fún. Mo ti yọ ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, mo sì fi ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí kún un, nítorí ìbéèrè náà ṣe pàtàkì.

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn orin rọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀pù, olórin la máa ń dárúkọ: ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó lu ìlù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó jókòó sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn lọ́jọ́ náà. Ó gbé fóònù, ó pinnu pé àwo báyìí ló gba ipò kìíní. Ó fún irú orin kan lórúkọ. Ó yọ gbólóhùn kan ṣoṣo jáde nínú ọ̀rọ̀ odindi ọ̀sán kan, gbólóhùn yẹn ni ayé sì gbé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tí a mọ̀ nípa orin lónìí, ó sì wà nínú ohun tí a kò mọ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, àwọn àgbà akọ̀ròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, kí n tó dé Èkó.

Ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, àwọn akọ̀ròyìn orin tó ti dàgbà máa ń jókòó yíká ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ, wọ́n á sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Mark Ellen àti David Hepworth wà lára wọn. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní ìwé ìròyìn orin Smash Hits, wọ́n wà nídìí ìdásílẹ̀ ìwé ìròyìn Q ní ọdún 1986 àti The Word ní ọdún 2003, wọ́n sì jọ ṣe atọ́kùn ètò orin The Old Grey Whistle Test lórí BBC. Barney Hoskyns náà wà, òun tó dá Rock's Backpages sílẹ̀, ibi tí wọ́n ń kó àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ nípa orin pa mọ́ sí. Nínú ìtàkúrọ̀sọ ti Rock's Backpages, wọ́n lè mú ohun tí àlejò wọn kọ ní ogójì ọdún sẹ́yìn jáde, kí wọ́n sì ní kó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ẹ̀rí méjì ló máa ń wà níwájú ẹni tó ń gbọ́: ohun tí ojú rí lọ́jọ́ náà, àti ohun tí ọkàn ti sọ ọ́ dà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Àwọn méjèèjì kì í sábà bára mu, ibi tí wọ́n sì ti yà síra ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn.

Ẹ wo ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1985, ọjọ́ eré Live Aid ní Wembley, eré tí wọ́n fi kó owó jọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia. Bi ẹni tó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, yóò ní Bob Geldof, olórin tó ṣètò eré náà, fi èébú pariwo mọ́ àwọn aráàlú pé kí wọ́n mú owó wọn wá. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Hepworth gan-an ló jókòó tì í tó ń bi í ní ìbéèrè fún BBC. Hepworth fẹ́ ka àdírẹ́sì tí àwọn ènìyàn lè fi owó ránṣẹ́ sí, Geldof já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ṣépè fún àdírẹ́sì náà, ó ní nọ́ńbà fóònù ni kí wọ́n fún àwọn ènìyàn. Fídíò rẹ̀ ṣì wà. Síbẹ̀ gbólóhùn tí kò ti ẹnu ọkùnrin náà jáde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, tí wọ́n sì lè búra lé lórí. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni ká sọ nípa ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì péré sọ nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì?

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí àtẹ orin, ìyẹn ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn orin tó tà jù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ akọ̀ròyìn jù. Kí ọdún 1952 tó parí, ìwé orin títẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń rà láti fi tẹ dùùrù nílé, ni wọ́n fi ń mọ orin tó gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yẹn, Maurice Kinn fi £1,000 ra ìwé ìròyìn kan tí kò rọ́wọ́ mú mọ́, ó sì sọ ọ́ di New Musical Express, tí gbogbo ayé wá ń pè ní NME. Percy Dickins wà níbẹ̀, òun ló ń bójú tó ìpolówó ọjà. Ó gbé fóònù, ó pe nǹkan bí ogún ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àwo, ó bi wọ́n pé èwo ló tà jù lọ́sẹ̀ yìí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1952, àtẹ náà jáde. Al Martino ló wà lókè pẹ̀lú “Here in My Heart”. Ipò 12 ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n àwo 15 ló wà níbẹ̀ torí pé àwọn kan jọ pín ipò.

Ogún ṣọ́ọ̀bù, fóònù kan, ọkùnrin kan tó ń wá ìpolówó lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ àwo. Láti ibẹ̀ ni ìtàn àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀, a sì ń kà á lónìí bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn, kálukú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ìṣirò tirẹ̀. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ “Please Please Me” ti àwọn Beatles fi rí bó ṣe rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1963, orin náà gba ipò kìíní nínú NME, ó gbà á nínú ìwé ìròyìn Melody Maker pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú Record Retailer, ìwé àwọn oníṣòwò àwo, ipò kejì ló ti dúró, Frank Ifield ló wà lókè rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí Record Retailer ń bi léèrè kò sì tó ti NME. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí àwọn kan jókòó láti ṣe ìwé ìtàn àtẹ orin, ti Record Retailer ni wọ́n mú fún ọdún 1960 lọ sókè. Bí wọ́n ṣe gba ipò kìíní lọ́wọ́ orin náà nìyẹn, olórin kankan kò sì mọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n kó àwọn orin Beatles tó dé ipò kìíní jọ sínú àwo kan ní ọdún 2000, “Please Please Me” kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ra ìwé ìròyìn ní ọdún 1963, tí wọ́n fi ojú ara wọn rí i lókè, ṣì wà láàyè.

Nítorí náà, bí ẹ bá kà á níbì kan pé orin báyìí “gba ipò kìíní”, ẹ béèrè pé àtẹ ta ni, ṣọ́ọ̀bù mélòó ni wọ́n sì bi léèrè.

Ní Amẹ́ríkà, akọ̀ròyìn ló fún odindi ẹ̀yà orin kan lórúkọ tuntun. Àtẹ tí ìwé ìròyìn orin Billboard ń fi orin àwọn aláwọ̀ dúdú sí ń jẹ́ “Race Records” títí di ọdún 1949, orúkọ tó ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Jerry Wexler, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, ló dábàá “rhythm and blues” dípò rẹ̀, wọ́n sì yí i padà lọ́dún náà. Ní ọdún 1953 ó kúrò nídìí ìwé ìròyìn, ó lọ sí ilé iṣẹ́ àwo Atlantic, ibẹ̀ ló ti bá Ray Charles ṣiṣẹ́, tó sì wá bá Aretha Franklin ṣe àwọn àwo tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 1967. Àwọn ènìyàn máa ń yìn ín fún àwọn àwo yẹn, ó sì tọ́ sí i. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ṣe nínú Billboard kò kéré sí wọn, nítorí títí dòní ni gbogbo ayé ń fi orúkọ yẹn ra orin tí wọ́n sì ń tà á.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ti Maureen Cleave. Ìwé ìròyìn Evening Standard ni arábìnrin yìí ń kọ̀wé fún ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti mọ àwọn Beatles láti ìgbà tí òkìkí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1966, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa bí John Lennon, ọ̀kan lára wọn, ṣe ń gbé ilé rẹ̀ ní Weybridge. Àpilẹ̀kọ tó dára ni. Ó fi ilé náà hàn wá, àwọn ohun tí ọkùnrin náà rà tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, àwọn ìwé tó ń kà, ọ̀lẹ tó ń mú un nínú ọrọ̀ tó dé bá a. Láàárín rẹ̀ ni Lennon ti sọ pé ẹ̀sìn Kristi yóò lọ sílẹ̀, pé àwọn Beatles ti gbajúmọ̀ ju Jésù lọ nísinsìnyí. Àwọn òǹkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á, wọ́n ṣí ojú ewé kejì. Kò sí ariwo kankan.

Ní òpin oṣù Keje ọdún kan náà, ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Datebook gbé gbólóhùn yẹn síta. Ilé rédíò kan ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, kéde pé àwọn kò ní lu orin Beatles mọ́. Láwọn ìlú kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n dáná sun àwo wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, Lennon jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní Chicago, ó ń ṣàlàyé, ó ń tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, wọ́n ṣeré ní Candlestick Park ní San Francisco, wọn kò sì rin ìrìn àjò eré mọ́ láé. Èmi kò sọ pé gbólóhùn yẹn nìkan ló fà á. Ó ti rẹ̀ wọ́n, igbe àwọn olólùfẹ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni, lẹ́tà kan kò yàtọ̀. Nínú ìwé Cleave, ilé kan àti ọkùnrin kan tó ń ronú ló yí i ká. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fà á tu kúrò lórí ilẹ̀ tó ti hù. Cleave fúnra rẹ̀ jáde sọ pé Lennon kò fi Beatles wé Kristi, pé ohun tó ń sọ ni bí ẹ̀sìn náà ṣe ń rẹlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga tó. Ẹni tó ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tó gbọ́ ọ lẹ́nu, tó rí ojú ọkùnrin náà bó ṣe ń sọ ọ́, kò lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Àwọn ìtàn kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa ara wọn, tó sì kọ́ wa bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí nígbà tí àkókò kò bá tó. Ní ọdún 1969, akọ̀ròyìn Richard Williams gba àwo kan tí John Lennon àti Yoko Ono ṣe nípa ìgbéyàwó wọn láti fi kọ àríwísí sínú Melody Maker. Àwo méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ láti fi yẹ ohùn wò, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ojú kan péré lára àwo kọ̀ọ̀kan ló ní orin. Ohùn kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń dán nǹkan wò ló wà lójú kejì. Williams gbọ́ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì kọ àríwísí lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti sọ ìtàn yìí fúnra rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Òun náà ló di atọ́kùn àkọ́kọ́ fún The Old Grey Whistle Test ní ọdún 1971.

Akọ̀ròyìn ni Jon Landau náà, ṣùgbọ́n òun ní tirẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1974, ó lọ wo eré ní Harvard Square Theater, ó sì kọ ọ́ sínú The Real Paper, ìwé ìròyìn kan ní agbègbè Boston, pé òun rí ọjọ́ ọ̀la rock and roll, Bruce Springsteen sì ni orúkọ rẹ̀. Columbia, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo Springsteen jáde, gbé gbólóhùn náà, wọ́n fi polówó ọjà káàkiri. Ẹni tó bá ka gbogbo àpilẹ̀kọ náà yóò rí i pé ara rẹ̀ ni Landau ń sọ ní apá tó pọ̀ jù. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ń pé, ó ti ń rẹ̀ ẹ́, orin kò dùn létí rẹ̀ mọ́ bíi tàtijọ́, títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyẹn kò sí nínú ìpolówó. Kò pẹ́ tí ó fi wọ sítúdíò pẹ̀lú Springsteen fún Born to Run, tó jáde ní ọdún 1975, lẹ́yìn náà ló di máníjà rẹ̀. Ṣé akọ̀ròyìn lè di máníjà ẹni tó kọ̀wé yìn? Ó ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kò lè padà wá jókòó sórí àga tó kúrò mọ́, ó sì yẹ kí ọ̀dọ́ tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀ mọ èyí kó tó dìde.

Mo ti dé Èkó báyìí.

Ní ọdún 1973, Paul McCartney tó ti wà nínú Beatles, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Wings, wá gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò ilé iṣẹ́ àwo EMI ní Àpápá. Gbogbo àgbà akọ̀ròyìn rọ́ọ̀kì ló mọ ìtàn yìí lórí: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó kọ̀ láti bá wọn wá, àwọn olè tó fi ọ̀bẹ dá tọkọtaya náà dúró lálẹ́ tí wọ́n sì gba kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gba àwọn orin náà sílẹ̀ níṣàájú, Fẹlá tó wá bá a pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú, bí McCartney ṣe lu orin rẹ̀ fún un gbọ́ láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gba orin kan sílẹ̀ ní sítúdíò ARC tí Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tí ìtàn náà ti ń wá: ẹnu àlejò ni. Ọ̀nà ibi tó gbà wọlé ló ń sọ, ooru tó mú un, ẹ̀rù tó bà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ní ọdún méjì. Ní ọdún 1971, Fẹlá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní sítúdíò EMI tó wà ní Abbey Road, ilé kan náà tí McCartney àti àwọn Beatles ti ṣe iṣẹ́ wọn, ó ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀, Ginger Baker sì bá a lù. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fún, ọ̀kan gba Àpápá lọ, èkejì ti gba Abbey Road kọjá ṣáájú rẹ̀. Bí a bá tò ó báyìí, ìbéèrè Fẹlá lọ́wọ́ McCartney yí padà. Ẹni tó mọ sítúdíò àlejò rẹ̀ ló ń béèrè, ẹni tó ti bá àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, tó sì mọ bí owó orin ṣe ń rìn. Mo ti gbọ́ ìtàn ọ̀bẹ náà láìmọye ìgbà lẹ́nu àwọn àgbà tó ń tàkúrọ̀sọ. Mo fẹ́ máa gbọ́ ti Abbey Road náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A rí àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀, bíi Vivien Goldman, tó kọ̀wé nípa Fẹlá nínú àwọn ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò fi í ṣe ẹni tó kàn yọjú sínú ìtàn olórin mìíràn.

Ti King Sunny Adé tún yàtọ̀. Bob Marley kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981. Ní ọdún 1982, Island, ilé iṣẹ́ tó gbé Marley jáde, gbé Juju Music ti Sunny Adé jáde, àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Lomé pẹ̀lú Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, Aura ní 1984, níbi tí Stevie Wonder ti fọn hàmóníkà. Lẹ́yìn mẹ́ta yìí, Island kò bá a ṣe mọ́. Àwọn akọ̀ròyìn òkè òkun yìn ín gidigidi, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi orúkọ kan kọ́ ọ lọ́rùn: Bob Marley ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ yẹn wúwo. Marley ń kọrin ní èdè tí àwọn òǹkàwé wọn gbọ́. Sunny Adé ń kọrin ní Yorùbá, ó ń ki ènìyàn, ó ń pa òwe, ìlù dùndún ń dá a lóhùn. Akọ̀ròyìn tí kò gbọ́ Yorùbá kọ nípa gìtá, ó kọ nípa ìlù, ó kọ nípa gìtá onírin tí Demola Adépọ̀jù ń ta, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ìdajì orin náà ló gbọ́. Nígbà tí títà àwo kò tó ti Marley, wọ́n kọ ọ́ bíi pé ọkùnrin náà kùnà, ẹni tó ti ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 1967, tí gbogbo Nàìjíríà sì ti ń jó sí orin rẹ̀ kí Island tó mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ yìí ṣì wà? Ta ló ṣì ń ra ìwé ìròyìn orin?” Ìbéèrè gidi ni. Ìwé ìròyìn Sounds kógbá sílé ní ọdún 1991. Wọ́n pa Melody Maker, tó ti wà láti ọdún 1926, pọ̀ mọ́ NME ní ìparí ọdún 2000. NME dẹ́kun títẹ ẹ̀dà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Q sì parí ní ọdún 2020. Owó tí àwọn ilé iṣẹ́ àwo ń ná sórí ìpolówó, èyí tí Percy Dickins tìtorí ẹ̀ gbé fóònù, ti gba ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìwé yìí ń kú, wọ́n ti fi ẹ̀dà tó wà nílé ìkàwé sílẹ̀, àwọn tó kọ wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Nílé níbí, àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn wà. Benson Idonije tó ṣiṣẹ́ ní rédíò, tó jẹ́ máníjà àkọ́kọ́ fún Fẹlá ní ìgbà ẹgbẹ́ Koola Lobitos, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ tiwọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò tàbí ní ilé iṣẹ́ àwo, ẹ má kàn bi í pé irú ènìyàn wo ni Fẹlá, torí ó ti dáhùn ìyẹn títí ó ti sú u. Ẹ bi í pé ta ló ń yan àwo tí wọ́n ń lù láàárọ̀, ta ló sì lè ní kí wọ́n má lù ú. Ẹ bi í pé ẹ̀dà mélòó ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ fún olórin tuntun, ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí àwo, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àwo kan ti tà ní Ìbàdàn kí owó tó dé Èkó. Ẹ gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó fi àwọn ìwé àti fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á sílẹ̀ sí i lára kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.